Bí a ṣe ń yan ẹ̀yà sọ́fítíwíà tí a óò tún lò

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ṣìnà, tó sì fọ́ yángá lójú ọ̀run. Ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú kóòdù tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà dorí kọ, ó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eré Ariane 5 yàtọ̀. Nọ́ńbà kan tó ti ara eré náà wá tóbi ju àyè bíìtì 16 tí wọ́n fẹ́ kó o sí lọ, ni kọ̀ǹpútà bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ṣe àfirọ́pò kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí kóòdù kan náà ló wà nínú méjèèjì. Èyí tó dunni jù ni pé apá kóòdù náà kò tilẹ̀ wúlò fún Ariane 5 mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbéra.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí a tó wá ẹ̀yà kankan lọ, ìyẹn kóòdù tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ tí a fẹ́ fi sínú ètò tuntun, a óò kọ ohun tí a fẹ́ kó ṣe sílẹ̀, ká sì fi iye sí i. “Kó yára” kò tó. “Kó dáhùn ìbéèrè 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí kọ̀ǹpútà tiwa” ṣeé wọ̀n. Ìlànà àgbáyé ISO/IEC 25010, tó to àwọn ànímọ́ sọ́fítíwíà tó dára lẹ́sẹẹsẹ, máa ń ranni lọ́wọ́ kí a má baà gbàgbé nǹkan: ànímọ́ mẹ́jọ ló wà nínú ti ọdún 2011, ti ọdún 2023 sì sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ààbò, ìgbẹ́kẹ̀lé àti ìrọ̀rùn àtúnṣe wà lára wọn.

Lẹ́yìn náà ni máàkì. Ká ní ààbò ni a fún ní ìwọ̀n 5, eré 3, ìwé ìtọ́nisọ́nà 2; a óò fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sọ máàkì rẹ̀ di púpọ̀, ká tó ro wọ́n pọ̀. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ gba 2 nínú 10 fún ààbò, ó sì gba 10 nínú àwọn yòókù: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Èkejì gba 8 fún ààbò, 4 fún eré, 4 fún ìwé: òun náà, 60. Ìṣirò sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ olè lè wọlé sí ti àkọ́kọ́ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ààlà sílẹ̀ ṣáájú ìṣirò: ẹ̀yà tí ààbò rẹ̀ kò bá tó 6, tàbí tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ (ìwé àṣẹ ìlò) kò gbà wá láyè, ti jáde nìyẹn, bó ti wù kó yára tó.

Èyí tó bá kù, a óò fi dátà tiwa dán an wò. A óò sì wo àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ń fà lẹ́yìn wọlé. Nígbà tí àlébù ńlá hàn nínú Log4j, ẹ̀yà kan tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò sílẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ó wà nínú ètò wọn, nítorí ẹ̀yà mìíràn ló gbé e wọlé.

Àyẹ̀wò tí a fi yan ẹ̀yà náà, a kì í jù ú nù. Bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, òun náà ni a óò tún fi wò ó kó tó wọlé.