Odò Ọya tó dínà fún Ọ̀rànmíyàn

Ní Ọ̀yọ́ níbí, bí wọ́n bá dárúkọ Ọya, ìyàwó Ṣàngó ló máa ń wá síni lọ́kàn: Ṣàngó wọlẹ̀ ní Kòso, Ọya wọlẹ̀ nílé Ìrá. Bẹ́ẹ̀ etí odò Ọya gan-an ni ìtàn ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní Ọ̀rànmíyàn ń lọ sí àríwá, àwọn Tápà ò jẹ́ kó sọdá. Ojú ń tì í láti padà sí Ifẹ̀, ló bá yà sọ́dọ̀ ọba Ìbàrìbá. Ọba yẹn so oògùn mọ́ erè, ejò ńlá, lọ́rùn, ó ní kí Ọ̀rànmíyàn máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn fún ọjọ́ méje, ibi tí ejò náà bá ti wọlẹ̀ ni kó tẹ̀dó sí. Ẹsẹ̀ òkè Àjàká ni erè náà wọlẹ̀ sí, ibẹ̀ ló di Ọ̀yọ́-Ilé. Ká ní wọ́n jẹ́ kó sọdá ni, bóyá à bá má ní Ọ̀yọ́.

Odò náà fúnra rẹ̀ yani lẹ́nu. Orí òkè ní ilẹ̀ Gínì ni orísun rẹ̀, níbi tí kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí òkun. Síbẹ̀ ó kẹ̀yìn sí òkun, ó kọrí sí aṣálẹ̀, ó gba Màlì dé ìtòsí Tìmbúkútù kó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù, wọ Nàìjíríà, pàdé odò Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja, kó sì dà sókun. Gígùn rẹ̀ tó 4,180 kìlómítà. Àwọn onímọ̀ ní odò méjì ni látijọ́: èyí tòkè ń dà sínú adágún kan lẹ́bàá Tìmbúkútù, èyí tìsàlẹ̀ ń sun láti orí òkè tí kò jìnnà síbẹ̀. Ìgbà tí Sàhárà gbẹ ni wọ́n di ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lọ́dún lọ́dọ̀ wa. Ti ìgbà òjò máa ń dọ̀tí. Bí ọyẹ́ bá wá ń fẹ́, tí odò kéékèèké ti ń gbẹ, ìkún kejì á dé: òjò tó ti rọ̀ ní Gínì lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Àbàtà Màlì ti gba ẹrẹ̀ rẹ̀, omi náà á mọ́ kedere.

Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò tó rò pé odò Kóńgò ni odò Ọya ń lọ bá, kú ní Bùsà, ìlú kan létí odò náà, ní 1806. Clapperton àti Richard Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò bíi tiẹ̀, dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Ní 1830, Lander àti John àbúrò rẹ̀ tún gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá sí Bùsà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi títí dé òkun. Ìwé ní àwọn ló ṣàwárí ọ̀nà odò náà dé òkun, àmọ́ àwọn ará etí odò tó ń tukọ̀ fún wọn ti mọ ọ̀nà tipẹ́. Bùsà ìgbà náà ti wà lábẹ́ omi látìgbà tí wọ́n ti sé odò ní Kainji, ní 1968. Bùsà Tuntun ni wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ.