Òfin Ìwà Ológun Nàìjíríà ti ọdún 1967

Òfin Ìwà Ológun ti ọdún 1967 ni ìwé àṣẹ tí Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, fi lélẹ̀ fún àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, bí ogun Biafra ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé náà kò gùn, àwọn àṣẹ inú rẹ̀ sì yé sójà tí kò kàwé púpọ̀ pàápàá. Wọn kò gbọ́dọ̀ pa aláboyún tàbí fìyà jẹ ẹ́, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọdé. Ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí di ibi tí ogun kò gbọ́dọ̀ dé. Ọmọ ogun ọ̀tá tó bá túúbá, kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ó ka ìfipábánilòpọ̀ àti kíkó ẹrù onílé léèwọ̀, ó sì rán wọn létí Àdéhùn Geneva, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹni tí kò jagun àti ẹni tí wọ́n mú lógun. Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá o: ó ní kí wọ́n má ṣàánú àwọn àjèjì tí wọ́n fowó háyà wá jagun.

Ṣíṣe é ló le. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí kò ju nǹkan bíi 10,000 lọ ṣáájú ogun ti lé ní 200,000 nígbà tó fi parí ní 1970. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ oníkánjú ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn àṣẹ náà, àwọn sójà Dífíṣọ̀n Kejì, ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọkùnrin ní Asaba. Àwọn ará ìlú náà ti jáde tijó torin láti fi hàn pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn ń fẹ́. Kò sí ohun tó bu òfin náà kù tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1968, ìjọba yìnbọn pa àwọn sójà kan tí wọ́n jẹ̀bi ìpànìyàn. Ọ̀kan jẹ́ lẹfutẹ́náǹtì tí àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n Bìrìtìkó ká mọ́ ibi tó ti ń pa ẹni tí wọ́n mú lógun. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba gba àwọn olùwòye láti Bìrìtìkó, Kánádà, Poland àti Sweden láàyè láti máa tọ àwọn sójà lọ sójú ogun.

Ní 1972, ẹjọ́ ọmọ ogun Biafra kan tó pa ẹni tí kò gbé ohun ìjà, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ló rán an, dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà. Àwọn adájọ́ ní àṣẹ ọ̀gá kò yọ ọ́ nínú ẹ̀bi ìpànìyàn, àní lásìkò ogun abẹ́lé.