Fáàfù Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Wọ́n gbé rédíògíráàmù bàbá wá sí Kubwa láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tan án, ni irin inú fáàfù, ìgò kékeré tó ń mú ohùn tóbi, bá pọ́n yòò bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Ohun tí gbogbo ẹnu máa ń sọ ni pé fáàfù ti kú. Wọn á ra fáàfù EL84 tuntun, òun náà á pọ́n. Wọn á tún ra òmíràn. Owó ń lọ, ẹni tó jẹ̀bi sì jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́: kapásítọ̀ kan tí kò tó ọmọ ìka, tí wọ́n fi bébà àti ìda ṣe.

Nínú ańpílífáyà, fáàfù àkọ́kọ́ ló ń gba ohùn tín-ín-rín, tó ń ta á látaré fún ti ẹ̀yìn, EL84, tó ń ti sípíkà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú kan náà tí orin ń gbà jáde ni iná tó tó 150 sí 200 fóòtì dúró sí. Orin nìkan la fẹ́. Kapásítọ̀ yìí ni màígádì tó wà láàárín: ó ń jẹ́ kí orin tó ń mì kọjá, ó sì ń dá iná tó dúró gbagidi padà. Ẹ wo màígádì ilé ńlá ní Maitama. Àlejò ò ní wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá rán, màígádì á jẹ́ ẹ fún ọ̀gá láìku ọ̀rọ̀ kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. Ojú rẹ̀ wá di bàìbàì, oorun ń gbé e lọ. Kò ṣí géètì sílẹ̀ o, àmọ́ ẹnì kan yọ́ wọlé lóru, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀gá jí láàárọ̀, ó bá àjèjì mẹ́ta ní pálọ̀ tí wọ́n ń jẹun. Aráyé wá ń sọ pé ọ̀gá ló ń náwó oúnjẹ ní ìnákúnàá!

Iná tó ń yọ́ wọlé kì í sì í pọ̀. Nǹkan bíi fóòtì méje péré ló ń kó EL84 níjàánu. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá jò wọlé, ìjánu ti dẹ̀ nìyẹn: irin á pọ́n, taransífọ́mà tó ń gbé ohùn fún sípíkà á gbóná títí wáyà rẹ̀ á fi já. Ètò náà gbọ́n, àmọ́ ohun tó wọ́n jù ni wọ́n fi sọ́wọ́ ohun tó pọ́ọ́kú jù.

Àwọn kan ní ọyẹ́ Àríwá á gbẹ ọ̀rinrin inú rẹ̀. Ọyẹ́ lè gbẹ aṣọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè sọ bébà tó ti jẹrà di tuntun.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì rí i pé iná inú àwọn kapásítọ̀ ńlá ti tán pátápátá, torí ó lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Ẹ tú ẹsẹ̀ kapásítọ̀ tó kọjú sí EL84 nìkan. Ẹ tan án padà, ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ tó dá wà yẹn sí ara páànù ìdí ẹ̀rọ. Bí fóòtì bá dúró lórí mítà, màígádì ti sùn.

Kapásítọ̀ oníke tuntun, 0.1 µF (ìwọ̀n iná tó lè kó pamọ́) tó lè gba 630 fóòtì, ti tó. Àwọn kan ń fi èyí tó tó ìlọ́po mẹ́wàá sí i kí báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, lè wúwo. Pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 470 kílò-óòmù tó wà lẹ́nu EL84, 0.1 yẹn ti ń gba ohùn kọjá dé nǹkan bíi 3.4 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), etí wa kì í sábà gbọ́ ohun tó bá wọlẹ̀ ju 20 Hz lọ. Taransífọ́mà àti sípíkà ni kí wọ́n lọ bi léèrè ibi tí báàsì wọn wọ̀ sí.