Jíjẹ oúnjẹ vegan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Vegan ni wọ́n ń pe ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá: ẹran, ẹja, edé, ẹyin, wàrà, títí kan oyin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọ awọ tàbí irun ẹranko pẹ̀lú. Ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Vegan Society sílẹ̀. Láti 1994 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá sọ́tọ̀ fún un kárí ayé. Ẹni tí kì í jẹ ẹran lè máa jẹ ẹyin kó sì máa mu wàrà. Vegan kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, oúnjẹ tó ti inú ilẹ̀ wá kò wọ́n. Ẹ̀gẹ́, ewùrà, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo, ẹ̀wà àti oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ kún ọjà. Ìṣòro vegan níbẹ̀ kì í ṣe pé kò rí nǹkan jẹ. Ohun tí alásè ń sọ sínú ìkòkò láì kà á sí ẹran ni ìṣòro.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè

Yorùbá kò ní orúkọ kan tó ṣe wẹ́kú fún vegan. Àwọn kan ti lo “ajẹ̀fọ́”, àwọn mìíràn “ajewéko”, ṣùgbọ́n èyí èkejì máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, torí ewúrẹ́ ni a mọ̀ mọ́ jíjẹ ewéko. “N kì í jẹ ẹran” náà kò tó. Ẹran kò kó ẹja mọ́ra nínú èdè wa, nítorí náà ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní bùkà, ẹja ni wọn yóò fi sí oúnjẹ rẹ̀, tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Edé tilẹ̀ tún kéré sí ẹja lójú alásè; èròjà ni wọ́n kà á sí, bí iyọ̀ àti alùbọ́sà. Ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò ẹ̀fọ́ sábà máa ń lọ báyìí:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹran wà nínú ẹ̀fọ́ yìí?”

“Kò sí ẹran níbẹ̀ rárá, ọmọ mi.”

“Ẹja ńkọ́?”

“Panla díẹ̀ ni. Ó ti túká sínú ẹ̀.”

“Edé?”

“Há! Ta ló ń se ẹ̀fọ́ láìsí edé?”

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹran, omi ẹran, ẹja, edé, pọ̀nmọ́, ẹyin, wàrà. Omi ẹran ló yẹ kí a tẹnu mọ́ jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ fi ń se ọbẹ̀ ata àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sì sí ojú tó lè rí i. Magí náà ń bẹ: àwọn kan ní ọ̀rá adìyẹ tàbí edé nínú, ara páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá le koko lórí ọ̀rọ̀ náà tún gbọ́dọ̀ béèrè bóyá òróró tí wọ́n fi dín ẹja ni wọ́n fi dín dòdò.

Èèwọ̀ oúnjẹ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú. Ìdílé ní èèwọ̀, olórìṣà ní èèwọ̀, Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. “Èèwọ̀ mi ni” máa ń tán ọ̀rọ̀ kíá lọ́dọ̀ olóńjẹ ju àlàyé gígùn lórí ìyà tó ń jẹ ẹranko lọ. Bóyá ó tọ́ kí ẹni tí kò ní èèwọ̀ máa sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. “N kì í fẹnu kàn án” ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìpurọ́.

Oúnjẹ ìbílẹ̀

Gàrí Ìjẹ̀bú ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì yan án. Wọn kì í fi epo pupa sí i bíi gàrí apá Edó. Omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà ti tó fún un. Ìgbà tí wọ́n bá bu wàrà sí i, tàbí tí ẹja díndín bá dé ẹ̀gbẹ́ abọ́, ni ó tó kúrò lára oúnjẹ vegan.

Ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfọ́kọrẹ́, ni wọ́n fi ń dá Ìjẹ̀bú mọ̀. Ewùrà ni wọ́n ń rin fún un, wọ́n á bu iyọ̀ sí i. Wọ́n á gbé omi, epo pupa, ata, alùbọ́sà àti irú kaná. Tó bá ti ń hó, wọ́n á máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kókó kéékèèké, wọ́n á dé e, wọn ò sì ní rò ó lójú ẹsẹ̀. Bí kókó bá ti gan tán ni wọ́n tó ń rọra rò ó, kí díẹ̀ fọ́ kó mú omi rẹ̀ ki, kí ìyókù wà bó ṣe wà. Ẹja yíyan, edé àti pọ̀nmọ́ ló ń fún un ní adùn níbi tó pọ̀. Ẹni tó bá kàn yọ wọ́n kúrò lásán yóò jẹ ohun tó tẹ́ lẹ́nu. Irú ni kó fi kún, kó sì wá olú gbígbẹ sí i, nítorí olú máa ń ṣe bí ẹran lẹ́nu.

Ebìrìpò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n bu iyọ̀ sí, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sì sè bíi mọ́ínmọ́ín ni. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ẹranko kankan nínú. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni kí èèyàn ṣọ́. Ẹ̀kọ, ẹ̀kuru àti òjòjò bọ́ sí ìsọ̀rí kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi edé sí òjòjò. Àkàrà sábà máa ń mọ́. Mọ́ínmọ́ín ni kí a fura sí, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́mìí méje: ẹyin, ẹja, edé àti ohun mìíràn ló para pọ̀ di ẹ̀mí náà.

Ní Sábó ní Ṣàgámù, níbi tí àwọn Hausa ti ń ṣòwò obì tipẹ́, kúnnú, sóbò àti kúlíkúlí wà. Wàrà ṣóyà náà wà, tí wọ́n ń dín bí ẹran. Kí a má ṣì í mú fún wàrà Fúlàní, tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe. Núnù tí wọ́n ń pò mọ́ fùrá náà, wàrà màlúù ni.

Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni Yunifásítì Babcock wà. Ìjọ Seventh-day Adventist ló dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1959, ó sì di yunifásítì ní 1999. Ìjọ náà ti ń gba àwọn ọmọ ìjọ nímọ̀ràn tipẹ́ láti máa yẹra fún ẹran, oúnjẹ aláìlẹ́ran sì ni wọ́n mọ ilé ìjẹun yunifásítì náà mọ́. Ẹyin àti wàrà kì í ṣe èèwọ̀ fún Adventist, nítorí náà vegan gbọ́dọ̀ béèrè níbẹ̀ náà.

Lójú ọ̀nà

Ṣàgámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó lọ sí Benin ti pàdé, ọjà ojú títì sì ń lọ níbẹ̀. Ìpékeré, ẹ̀pà, bọ̀ọ̀lì, àgbọn, ọsàn, kókóró, róbó àti àádùn kò ní wàhálà. Gala ní ẹran nínú. Búrẹ́dì kò ṣeé dá ní ìdánilójú, torí ọ̀pọ̀ ń fi bọ́tà tàbí wàrà pò ó. Fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó, VGML ni àmì tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò fún oúnjẹ vegan, ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú ni kó ti béèrè fún un.

Ìlera

Fítámì B12 kì í ti inú ewéko wá, a kò sì lè gbára lé irú tàbí ògì kíkan fún un. Ìwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀ fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà jẹ́ máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́, oògùn B12 tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi kún ni vegan fi ń rí i. Ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ìyẹn ni pé ó lè tó ọdún mélòó kan kí àìtó rẹ̀ tó hàn, ó sì lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Gàrí kì í ṣaralóore tó bí a bá ń jẹ ẹ́ lásán. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ṣóyà ló ń dí àlàfo yẹn. Ọsàn tí èèyàn bá mu lẹ́yìn ẹ̀fọ́ ń jẹ́ kí ara gba èròjà irin (iron) inú ẹ̀fọ́ dáadáa.

Òde àti ọdún

Òde ló le jù. Ẹran ni wọ́n fi ń bu ọlá fún àlejò, ẹni tó bá dá a padà lè dà bí ẹni tó ń fojú kéré olówó òde. Àwọn vegan tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń jẹun kúrò nílé, wọ́n á gba ìrẹsì funfun, wọ́n á sì ti sọ fún ìdílé olóde ṣáájú. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ẹran àgbò ṣì wà nínú ìkòkò gbogbo ilé. Lójúde Awùjalẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ Balógun ń gun ẹṣin, awọ ewúrẹ́ sì ni wọ́n fi bo ojú dùndún tí wọ́n ń lù fún wọn.