Bí Oògùn Apakòkòrò àti Àyẹ̀wò Rẹ̀ Ṣe Pínyà, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Padà Pàdé

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa Alexander Fleming ni pé ó ṣàkíyèsí penisílínì nínú àwo kan tí nǹkan ti hù sí ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1928. Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rí i pé ó wúlò fún kì í sábà wọnú ìtàn náà. Àkọlé àpilẹ̀kọ tó gbé jáde lọ́dún 1929 sọ ọ́ ní gbangba: wọ́n lè fi ya bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní B. influenzae sọ́tọ̀, nítorí pé penisílínì a máa pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò yòókù tó ń gbé inú ọ̀fun, a sì fi èyí sílẹ̀ kó hù kí wọ́n lè rí i kedere. Kí ayé tó mọ penisílínì sí oògùn, irinṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Howard Florey àti Ernst Chain tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà ní yunifásítì Oxford, Norman Heatley tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá ọ̀nà láti wọn agbára penisílínì. Yóò fún kòkòrò sórí oúnjẹ bakitéríà nínú àwo, yóò to àwọn páìpù kúkúrú sórí rẹ̀, yóò sì da penisílínì sínú wọn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wọn bí òrùka tí kòkòrò kò ti lè hù ṣe fẹ̀ tó. Láìsí òrùka yẹn, wọn kì bá mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ fọ̀ tí wọ́n sì sẹ́ lágbára àbí omi lásán ni.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn apakòkòrò tuntun ń jáde léraléra, ṣùgbọ́n kálukú ló ń dán wọn wò bó ṣe wù ú. Bauer, Kirby, Sherris àti Turck, ní yunifásítì tó wà ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà kan ṣoṣo kalẹ̀ lọ́dún 1966: bébà rìbìtì kékeré tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, tí wọ́n gbé sórí àwo tí kòkòrò aláìsàn wà, tí wọ́n sì wọn òrùka rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Iye mìlímítà tí òrùka náà gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè sọ pé oògùn yóò ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò náà ni òpó gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí iye yẹn bá ṣìnà, èsì àyẹ̀wò á ṣi dókítà lọ́nà.

Ibẹ̀ ni ìpínyà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ń ṣe oògùn, òmíràn ń ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn fi ń mọ̀ bóyá oògùn yóò ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò, ẹni tó sì ń ṣe ẹ̀rọ kì í fẹ́ náwó lórí oògùn tí ìjọba lè má fọwọ́ sí. Yóò dúró. Nígbà tí oògùn bá wá jáde, ó lè tó ọdún mélòó kan kí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó lè dá a mọ̀. Lójú tèmi, èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé oògùn tuntun sábà máa ń jẹ́ ti kòkòrò tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́, ìyẹn ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti máa méfò.

Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò, gbé àbá ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, èyí tó di àṣepé lọ́dún 2019, pé kí olóògùn àti ẹlẹ́rọ tètè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń dán oògùn wò lára aláìsàn, kí iṣẹ́ àwọn méjèèjì lè jọ máa lọ. Láàárín àkókò náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, òfin kan tí wọ́n ń pè ní 21st Century Cures Act mú kí àjọ náà máa gbé àwọn iye tí wọ́n fi ń dájọ́ bóyá oògùn yóò ṣiṣẹ́, irú bí iye mìlímítà òrùka, sórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò kí wọ́n máa dúró de àtúnṣe ìwé inú páálí oògùn kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ìwé ìtọ́sọ́nà náà kò so ìfọwọ́sí oògùn mọ́ ti ẹ̀rọ: ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, èkíní kì í sì í dá èkejì dúró.