Ìgbà tí ìṣẹ́kù kì í ṣe 0, tí kì í sì í ṣe 1

Ẹni tó bá ti kọ ìlà márùn-ún nínú JavaScript tàbí Python, àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti mọ̀ pé àmì % ló ń mú ìṣẹ́kù jáde: 10 % 2 jẹ́ 0, 7 % 2 jẹ́ 1. Ohun tó ń bíni nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe gbà pé kò sí ìdáhùn míì yàtọ̀ sí méjèèjì yìí, tí wọ́n á kàn kọ n % 2 === 1 (ìyẹn, ṣé ìṣẹ́kù nọ́ńbà n jẹ́ 1 gẹ́lẹ́?), tí wọ́n á lọ sùn.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pín iṣẹ́ gbígbá pápá tí wọ́n ti ń dánra wò fún Ojúde Ọba. Ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, ọjọ́ kẹta Iléyá, ni wọ́n pè ní 0. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ -1, títí lọ dé -14. Ọjọ́ tó bá pín sí méjì gérégé jẹ́ ti ikọ̀ kìíní, èyí tó bá ṣẹ́ku ẹyọ kan jẹ́ ti ikọ̀ kejì. Bí wọ́n bá fi n % 2 === 1 wá ọjọ́ ikọ̀ kejì nínú JavaScript, gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló máa bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ kìíní. Wọ́n á ní akọ̀wé ló ń ṣojúsàájú.

JavaScript á pín -7 sí méjì, á rí -3.5, á gé ìdajì dànù, á ku -3. Ìlọ́po méjì -3 jẹ́ -6. Ohun tó ṣẹ́kù kó tó pé -7 ni -1, -1 kì í sì í ṣe 1. Bákan náà ni PHP àti Bash, àwọn èdè kọ̀ǹpútà míì, ń ṣe é. Python kì í gé nǹkan dànù, ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí -4. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ -8, láti ibẹ̀ dé -7 sì jẹ́ 1. Ruby àti Lua wà lẹ́yìn Python. Tiwọn ló bọ́gbọ́n mu jù, torí 0, 1, 0, 1 kì í já lẹ́nu bó ti wù ká kà á sẹ́yìn tó.

Nínú JavaScript, n % 2 !== 0 (ìṣẹ́kù kì í ṣe 0) ló yẹ ká kọ, kí 1 àti -1 lè bọ́ síbi kan náà. Ṣùgbọ́n "abc" % 2 máa ń mú NaN (ìyẹn, "kì í ṣe nọ́ńbà") jáde, 7.5 % 2 sì jẹ́ 1.5, àwọn náà kì í ṣe 0, wọ́n á bá àwọn tó ṣẹ́ku ẹyọ kan lọ. Àpótí tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí ńkọ́? "" % 2 jẹ́ 0, ikọ̀ kìíní tún gbà á. Babaláwo tó ń fi ikin 16 dífá ò jẹ́ gba irú èyí. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ òsì, á tẹ méjì sínú ìyẹ̀rósùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ẹyọ kan. Bí kò bá ku nǹkan kan, tàbí tó ju méjì lọ, kò ní tẹ nǹkan kan, á tún un gbá. if àti else, tó ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì, ò ní àyè fún àtúngbá yẹn. Ẹni tó ń kọ ètò ló máa fi sí i.

Python kì í panu mọ́ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni input() máa ń gbà wọlé, nítorí náà "7" % 2 á mú àṣìṣe TypeError wá, àfi tí a bá kọ́kọ́ fi int() sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Nínú JavaScript, kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé àpótí ò ṣófo, fi Number() sọ ohun tó wà níbẹ̀ di nọ́ńbà, kí o wá bi Number.isSafeInteger(n) léèrè bóyá ó jẹ́ odidi nọ́ńbà tí kò tóbi jù, kí o tó pín. Èyí dára ju isInteger, tó kàn ń wò bóyá ó jẹ́ odidi, lọ: láti 9007199254740992 sókè, kò sí nọ́ńbà tó ń ṣẹ́ku ẹyọ kan mọ́ nínú JavaScript. Tí o bá kọ 9007199254740993, á sọ ọ́ di 9007199254740992 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá pọn dandan kí nọ́ńbà tóbi tó bẹ́ẹ̀, fi lẹ́tà n sí ìdí rẹ̀, kí o sì fi 2n pín in.