Ẹ Má Fi Orúkọ Bàbá Nìkan Wá Orírun

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi ní Iléṣà pé kí n bá àwọn tọpa ìdílé wọn ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bàbá tí wọ́n ń jẹ́, bí ẹni pé orúkọ náà ti wà láti ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ló sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di dandan, tí ẹ̀gbọ́n fi lè mú orúkọ bàbá kí àbúrò sì mú ti bàbá àgbà. Frederick Kúmókùn Haastrup gorí àpèrè Owá, ọba Iléṣà, ní 1896 gẹ́gẹ́ bí Ajímókò Kìíní. Ẹni tó bá fi Haastrup nìkan wá orírun ìdílé náà, ilẹ̀ Yúróòpù ni yóò dé.

Agboolé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ilé yín kì í jẹ, ẹni tí wọ́n sin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti oríkì tí wọ́n fi ń kí ọmọ ilé láàárọ̀. “Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko” kò lè ya ilé kan sọ́tọ̀, nítorí gbogbo Ìjẹ̀ṣà ló ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá gbọ́ “Ìyẹ̀rú Ọ̀kín” ní tiyín, ọ̀nà Ọ̀fà ni kí ẹ yà sí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ti bàbá ni tàbí ti ìyá, torí pé àwọn ìyàwó ilé náà a máa fi orílẹ̀ tiwọn ki ọmọ, oríkì náà a sì wọ ilé lára.

Àwọn àgbà kì í ka ọdún. Ogun ni wọ́n fi ń pààlà àkókò. “Kí ogun tó kó Iléṣà” ń tọ́ka sí 1870, nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn ṣẹ́gun ìlú. Ìgbà Kírìjí sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, àmọ́ àwọn jagunjagun kò tú ká títí di 1893.

Ìgbà yìí ni ìwé kàn. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì a máa fi ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ òbí, ibùgbé àti iṣẹ́ wọn hàn. Fún ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú ṣáájú, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, ìwé àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara rẹ̀. Ẹ ka orúkọ ibẹ̀ sókè kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe ti Yorùbá, nítorí bí akọ̀wé Òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ọjọ́ orí náà, àfojúbù ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì ń ṣọ́ra fún jù, ni ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti oyè. Ẹlẹ́rìí a ka ìran láti orí baba ńlá dé orí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jogún oko, kì í ṣòro fún un láti gé ẹ̀ka ẹlòmíràn kúrò lára igi, nítorí náà ẹ ka ọ̀rọ̀ ìhà kejì pẹ̀lú. Púpọ̀ ìwé ìjọba amúnisìn nípa Iléṣà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ orúkọ agboolé, àdúgbò, olóyè tó ń ṣàkóso rẹ̀ àti abà oko yín sílẹ̀, nítorí àgbègbè àti ọ̀ràn ni wọ́n fi to fáìlì ibẹ̀, kì í ṣe ìdílé.